Bráúsà Wo ni Kí Á Fi Wọ Íntánẹ́ẹ̀tì?
Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àgbà sọ ní Ìwàrò-Ọ̀kà

A mọ̀ pé ẹlòmíràn nínú yín ti ọjà wá tààrà ni, kò tíì dé ilé rárá. Ẹ kú ìfaradà. A kò ní pẹ́ jù.

Ọ̀rọ̀ òní jẹ mọ́ fóònù tí ó wà lọ́wọ́ yín. Ẹ ti lè ka ìwé báyìí. Ẹ ti lè kọ orúkọ yín, ẹ sì ti lè ka lẹ́tà. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú yín ṣì máa ń gbé fóònù fún ọmọ ọlọ́mọ pé, "Jọ̀ọ́, bá mi wo èyí." Ìdí nìyí tí a fi mú ọ̀rọ̀ yìí wá.

Ẹ jẹ́ kí á rántí bí ó ti rí láyé àwọn òbí wa. Bí ẹni tí kò mọ̀wé bá fẹ́ kọ lẹ́tà sí ọmọ rẹ̀ ní Èkó, yóò lọ bá akọ̀wé lẹ́tà. Yóò jókòó tì í, yóò máa sọ, akọ̀wé yóò sì máa kọ. Bí èsì bá dé, akọ̀wé náà ni yóò tún kà á. Gbèsè tí bàbá jẹ, akọ̀wé mọ̀ ọ́n. Àìsàn tí ń ṣe ìyá, akọ̀wé mọ̀ ọ́n. Bí akọ̀wé bá jẹ́ ọmọlúàbí, ó tán. Bí kò bá jẹ́ ọmọlúàbí ńkọ́? Gbogbo àdúgbò ni yóò gbọ́. Nígbà tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá wá kọ́ ìwé ní kíláàsì alẹ́, ohun tí ó máa ń dùn mọ́ ọn jù ni pé ó lè ka lẹ́tà rẹ̀ fúnra rẹ̀, kí ó sì kì í bọ abẹ́ ìrọ̀rí.

Lórí fóònù, bráúsà ni akọ̀wé náà. Bráúsà ni áàpù tí a fi ń ṣí ojú ewé lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Bí ẹ bá fẹ́ lọ sí ojú ewé JAMB nítorí ọmọ yín, òun ni ẹ óò rán. Bí ẹ bá fẹ́ mọ iye tí wọ́n ń ra kòkó, òun náà ni. Ó ń lọ, ó ń mú èsì bọ̀. Ohun gbogbo tí ẹ bá tẹ̀ sínú rẹ̀, ó rí i. Ó yẹ kí á mọ ẹni tí a ń rán, kí á sì mọ ọ̀gá rẹ̀.

Èyí tí ó wà lórí fóònù ọ̀pọ̀ jù nínú yín ni Chrome. Ẹ wò ó: ó rí roboto, ó ní pupa, ó ní àwọ̀ ewé, ó ní àwọ̀ ìyeyè, ojú aró kan sì wà láàárín rẹ̀. Google ni ó ni ín, ọdún 2008 ni wọ́n sì gbé e jáde. Iṣẹ́ rẹ̀ dára. Bí ihò kan bá yọ lára rẹ̀ tí olè lè gbà wọlé, Google tètè máa ń dí i, bí ẹ bá sáà ń gba àtúnṣe tí wọ́n fi ń ránṣẹ́. Ṣùgbọ́n ìpolówó ọjà ni Google fi ń jẹun, ẹni tí ó sì ń polówó ọjà fẹ́ mọ ohun tí oníbàárà ń wá. Ìyá tí ó wá ọ̀rọ̀ nípa ẹ̀jẹ̀ ríru lánàá, ìpolówó oògùn lè máa bá a kiri lónìí. Ẹ ti rí irú rẹ̀, àbí?

Àwọn ọ̀dọ́ yóò sọ fún yín pé, "Ẹ lo Incognito, kò sẹ́ni tí yóò rí yín." Ẹ má gbà bẹ́ẹ̀ o. Incognito dà bí ẹni tí ó gbá yàrá rẹ̀ lẹ́yìn tí àlejò ti lọ. Ẹni tí ó bá wọ yàrá kò ní rí ipasẹ̀ àlejò, ṣùgbọ́n àwọn ará òpópónà ti rí i nígbà tí ó ń bọ̀. Ó wúlò bí ẹ bá yá fóònù ẹlòmíràn lò, nítorí ohun tí ẹ wò kò ní kù sórí rẹ̀. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ọdún 2020, àwọn ènìyàn kan ní Amẹ́ríkà pe Google lẹ́jọ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí gan-an. Ní ọdún 2024, Google gbà láti pa àkọsílẹ̀ tí kò níye rẹ́, èyí tí ó ti kó jọ nípa àwọn tí wọ́n rò pé ìkọ̀kọ̀ ni àwọn wà.

Opera Mini ńkọ́? Ẹ̀yin tí ẹ ti ń lo fóònù tipẹ́ mọ̀ ọ́n dáadáa. Ní ilẹ̀ Norway ni wọ́n ti dá ilé iṣẹ́ Opera sílẹ̀ ní ọdún 1995. Ní ọdún 2006 ni Opera Mini dé ọwọ́ gbogbo ayé. Ní ọdún 2016 ni àwọn oníṣòwò láti China rà á. Nítorí dátà ni àwọn ènìyàn wa fi fẹ́ràn rẹ̀. Kì í lọ mú ojú ewé wá tààrà. Ó máa ń gba ilé Opera kọjá, wọn á ká ojú ewé náà kéré níbẹ̀, bí ìgbà tí ènìyàn ń ká aṣọ kí ó lè wọ inú àpò, kí wọ́n tó fi ránṣẹ́ sí yín. Dátà tí yóò jẹ á dín kù púpọ̀. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí yóò ká aṣọ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tú ẹrù. Bí ẹ bá lò ó ní ipò tí wọ́n ń pè ní Extreme, tàbí lórí fóònù kékeré oní-bọ́tìnnì, ilé Opera lè rí ohun tí ó wà nínú ẹrù yín. Akọ̀wé lẹ́tà gẹ́lẹ́ nìyẹn. A kò sọ pé olè ni akọ̀wé o. Ohun tí a ń sọ ni pé ẹnì kan wà láàárín ẹ̀yin àti báńkì yín. Ẹ fi ka ìròyìn, ẹ fi wo èsì bọ́ọ̀lù. Ẹ má fi wọ báńkì.

Ti UC Browser kò gba àkókò púpọ̀. Ilé iṣẹ́ Alibaba ti China ni ó ni ín. Ní ọdún 2015, àwọn olùwádìí Citizen Lab ní Yunifásítì Toronto, ní Kánádà, rí i pé ó ń fi nọ́ńbà ìdánimọ̀ fóònù, ibi tí onífóònù wà, àti ohun tí ó ń wá, ránṣẹ́ láìdì í dáadáa. Ní tiwa, a kò rí ìdí tí ẹnikẹ́ni yóò fi dì í mú nígbà tí àwọn mìíràn wà.

Firefox ni ó kù. Ọdún 2004 ni ó jáde. Ẹgbẹ́ tí wọ́n ń pè ní Mozilla, tí kì í ṣe ẹgbẹ́ elérè, ni ó wà lẹ́yìn rẹ̀. Láti ọdún 2019 ni ó ti ń dí ọ̀nà mọ́ ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń tọ ènìyàn lẹ́yìn kiri lórí íntánẹ́ẹ̀tì, láìjẹ́ pé ẹ tẹ nǹkan kan. Kí á má purọ́, owó tí Google ń san fún un ni ó pọ̀ jù nínú owó tí ń wọlé fún un. Ó sì wúwo ju Opera Mini lọ, ó lè má rọrùn fún fóònù tí àyè inú rẹ̀ kéré.

Ìmọ̀ràn wa ni pé kí ẹ ní méjì. A ní aṣọ oko, a sì ní aṣọ òde. Kò sẹ́ni tí ń wọ aṣọ oko lọ ìgbéyàwó. Ẹ fi Firefox sọ́tọ̀ fún báńkì, fún ọ̀rọ̀ ìjọba, àti fún ọ̀rọ̀ ìlera. Ẹ fi Opera Mini tàbí Chrome ṣe ìyókù. Bí àyè kò bá gba méjì, Chrome nìkan tó, bí ẹ bá ń gba àtúnṣe rẹ̀. Inú Play Store ni kí ẹ ti mú un. Ẹ má gba bráúsà tí ẹnì kan fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, ìbáà ṣe ọmọ yín.

Ó kù síbì kan, èyí sì ni ó tóbi jù. Bráúsà kankan kò lè gba ẹni tí kò ka àdírẹ́ẹ̀sì. Ìyá kan wà tí ń ta gàárì. Ó fẹ́ bá báńkì rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ó kọ orúkọ báńkì náà, ó sì tẹ èyí tí ó kọ́kọ́ yọ. Kò mọ̀ pé wọ́n kọ "Sponsored" sórí rẹ̀, ìyẹn ni pé ẹnì kan sanwó kí ó lè wà lókè. Ojú ewé náà jọ ti báńkì pátápátá. Ó ní kí ó kọ nọ́ńbà káàdì, ó kọ ọ́. Ó ní kí ó kọ píìnì, ó kọ ọ́. Owó gàárì ọ̀sẹ̀ méjì lọ. Àdírẹ́ẹ̀sì ayédèrú náà wà lókè níwájú rẹ̀ ní gbogbo àkókò yẹn, ìyá yìí sì mọ̀wé kà. Àwòrán báńkì ni ojú rẹ̀ wà.

Báwo ni a ṣe ń ka àdírẹ́ẹ̀sì? Bí a ti ń ka orúkọ ènìyàn ni. Ọmọ lè ní orúkọ mẹ́fà, èyí tí ó gbẹ̀yìn ni ó ń sọ ilé tí ó ti wá. Ti àwọn tí ń ṣe káàdì NIN ni nimc.gov.ng. Ti JAMB ni jamb.gov.ng. Ilé iṣẹ́ ìjọba nìkan ni wọ́n ń fún ní gov.ng. Bí ẹ bá rí nimc.gov.ng, tí ààmì dọ́ọ̀tì àti ọ̀rọ̀ mìíràn tún tẹ̀ lé ng, ilé ẹlòmíràn lẹ wà yẹn. Bí ó bá jẹ́ ìlà tí ó dagun, báyìí /, ni ó tẹ̀ lé e, kò burú. Ẹ sì má gbẹ́kẹ̀ lé àwòrán kọ́kọ́rọ́ tí a máa ń rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ àdírẹ́ẹ̀sì. Ó ń sọ pé wọ́n lẹ àpò lẹ́tà pa dáadáa. Kò sọ ẹni tí ẹ kọ lẹ́tà sí. Olè náà lè rí i gbà lọ́fẹ̀ẹ́. Nítorí rẹ̀ ni Chrome fi yọ ọ́ kúrò ní ọdún 2023.

Ẹ má rò pé owó nìkan ni wọ́n ń wá. Ní oṣù kẹfà ọdún 2024, ẹgbẹ́ Paradigm Initiative kéde pé ojúlé kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì ń ta ọ̀rọ̀ NIN àwọn ọmọ Nàìjíríà ní ₦100 péré. Àwọn NIMC ní kò sẹ́ni tí ó fọ́ ilé àwọn. Òfin tí ń dáàbò bo irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ti wà láti ọdún 2023, ṣùgbọ́n ọgọ́rùn-ún náírà! Ẹ̀kọ náà ti wọ́n ju ìyẹn lọ.

Ẹ mú pẹ́ńsù yín. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀ wà tí bráúsà máa ń fi bi yín léèrè, ẹ dà á kọ kí ojú yín lè mọ̀ ọ́n. "Allow" ni pé kí ẹ gbà fún un. "Block" ni pé kí ẹ kọ̀. Bí ojú ewé tí ẹ kò mọ̀ rí bá ní òun fẹ́ máa fi ìfitónilétí ránṣẹ́, Block ni kí ẹ tẹ̀. Ibẹ̀ ni àwọn ìpolówó tí ń pariwo pé kòkòrò ti wọ fóònù yín ti ń wá. "Update" ni àtúnṣe, ẹ gbà á. "Save" ni pé kí ó pa páswọ́ọ̀dù yín mọ́. "Never" ni pé kí ó má ṣe bẹ́ẹ̀ láé. Ní ilé kọ̀ǹpútà tàbí lórí fóònù ẹlòmíràn, Never ni. Lórí fóònù tiyín tí ẹ fi píìnì tì, Save dára, ó tilẹ̀ ní àǹfààní kan: bí ẹ bá dé ojú ewé ayédèrú, bráúsà kò ní gbé páswọ́ọ̀dù náà jáde, nítorí òun ń ka àdírẹ́ẹ̀sì lẹ́tà lẹ́tà. Bí ó bá kọ̀ tí kò gbé e jáde, ẹ dúró, kí ẹ tún òkè wò.

Ní ìpàdé tí ń bọ̀, kí olúkúlùkù mú fóònù rẹ̀ wá pẹ̀lú iná tí ó kún. A óò jọ wo bráúsà tí ó wà lórí rẹ̀, àti ẹni tí ó fi í síbẹ̀. Ẹ má rán ọmọ yín wá.