Igi Ìjẹun Àwọn Ará Ṣáínà

Ọ̀rọ̀ tí a sọ ní ìpàdé Ẹgbẹ́



Àwọn àgbà ní, onígbá ní í pe igbá rẹ̀ ní pàǹkàrà kí ayé tó bá a fi kólẹ̀. Igi tẹ́ẹ́rẹ́ méjì tí àwọn ará Ṣáínà fi ń jẹun ni a fẹ́ fi ṣe àpẹẹrẹ òwe náà lónìí.

Kuaizi ni wọ́n ń pè é. Ọparun tàbí igi ni wọ́n sábà fi ń ṣe é, gígùn rẹ̀ a sì máa tó nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 25. Ọ̀kan a sùn sí ìdí àtàǹpàkò, kì í mira. Èkejì ni ìka ìfábẹ̀lá àti ìka àárín ń gbé sókè sódò, gẹ́gẹ́ bí akọ̀wé ti ń di kálàmù mú. Láti ibi ìdáná ni wọ́n ti ń gé ẹran àti ẹ̀fọ́ wẹ́wẹ́, kí ó lè tètè jinná láìjẹ igi púpọ̀. Nítorí náà ọ̀bẹ kò ní iṣẹ́ níwájú ẹni tí ń jẹun.

Ohun àtayébáyé ni. Ní Anyang, níbi tí àwọn ọba Shang tẹ̀dó sí, a hú irú rẹ̀ tí a fi idẹ rọ, tí ó ti wà nínú ilẹ̀ fún nǹkan bí 3,200 ọdún. Zhu ni orúkọ rẹ̀ àtijọ́. Ṣùgbọ́n a gbọ́ pé àwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi kọ orúkọ náà nítorí pé ó dún bí “dúró”, wọ́n sì fi èyí tí ó dún bí “yára” rọ́pò rẹ̀. Èyí kò lè ya àwa lẹ́nu, àwa tí ń pe ṣànpọ̀nná ní ilẹ̀ gbígbóná. Ó ní èèwọ̀ tirẹ̀ pẹ̀lú: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi í gún inú abọ́ ìrẹsì kí ó dúró lóòró, nítorí pé ó jọ tùràrí tí a ń sun fún òkú.

Nígbà tí àwọn ọmọ Ṣáínà ṣí lọ sí California láti nǹkan bí ọdún 1850, láti wa wúrà àti láti la ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin, wọn kò rí ojú rere pẹ́. Òfin ọdún 1882 ti ilẹ̀kùn Amẹ́ríkà mọ́ àwọn lébìrà wọn. Ọdún 1943 ni a tó fagi lé e. A fi oúnjẹ wọn ṣe ẹlẹ́yà. Síbẹ̀ wọn kò sọ igi méjì náà nù; wọ́n ṣí ilé oúnjẹ, wọ́n sì gbé e síwájú àlejò. Ní ọdún 1972, Nixon, ààrẹ Amẹ́ríkà, jókòó síbi àsè ní Beijing, ó fi igi náà jẹun, àwọn ará ilé rẹ̀ sì rí i nínú ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán. Ní ọdún 2018 ẹ̀wẹ̀, nígbà tí ilé aṣọ Dolce & Gabbana ti Ítálì gbé àwòrán tí ó fi igi náà ṣe yẹ̀yẹ́ jáde, ìbínú àwọn ará Ṣáínà pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí a fi fagi lé ìfihàn aṣọ tí ilé náà fẹ́ ṣe ní Shanghai.

Ní Kúbà, láti ọdún 1847, àwọn ọmọ Ṣáínà bá àwọn ènìyàn wa tí a ń pè ní Lukumí nínú ìyà oko ìrèké. Àwọn méjèèjì ni kò jẹ́ kí ohun ilé wọn bọ́ lọ́wọ́: Havana ní àdúgbò Ṣáínà, ó sì ní ilé òrìṣà tí a ti ń fi èdè àwọn baba wa kọrin títí di òní.

Ẹ̀yin ará wa, ọwọ́ tí a fọ̀ mọ́ ni àwọn baba wa fi ń jẹ ọkà. Òun náà ní òfin: ọwọ́ ọ̀tún ni, ọmọdé kì í sì í mú ẹran kí àgbà tó mú. Síbẹ̀ àwọn kan nínú wa a máa tijú láti fọwọ́ jẹun lójú àlejò. A kò kọ ṣíbí. Ṣùgbọ́n bí àlejò bá dé, kò ha yẹ kí a bu omi ìfọwọ́ fún un, kí a sì kọ́ ọ bí a ti ń bu òkèlè? Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ lọ sóde.