Àjà Kì í Sọ̀rọ̀: Ẹ̀rín àti Ikú nínú Ìtàn Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ Yorùbá

 

Ẹ jẹ́ ká ní wọ́n jí ewúrẹ́ ìyá àgbà kan gbé ní ìlú Ìmínì yìí lóru. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ta ni kò ní mọ ẹni tó gbé e? Ẹni tó lọ tọ̀ lóru ti rí i. Ajá kò gbó, ẹni tó ni ajá mọ ẹni tí ajá rẹ̀ kì í gbó mọ́. Síbẹ̀, bí ọlọ́pàá bá dé láti Ọ̀yọ́, kò sí ẹni tí yóò rí nǹkan kan. Àna ẹnì kan ni olè náà, ọmọ ẹgbẹ́ ẹlòmíì sì ni. Ohun tí mo bá wá síbí nìyẹn: ní ìgbèríko, a mọ̀, a kì í sọ ni.

Nígbà tí òyìnbó Arthur Conan Doyle gbé Sherlock Holmes jáde ní 1887, London ló fi í sí, níbi tí aládùúgbò kò ti mọ aládùúgbò. Ẹrẹ̀ ara bàtà ni Holmes ń wò kó tó mọ ibi tí èèyàn ti ń bọ̀. Àwa kò nílò ẹrẹ̀. Ẹni tó sún mọ́ wa jù ni Miss Marple, ìyá arúgbó tí Agatha Christie fi sí abúlé nínú ìwé rẹ̀ ti 1930, tó jẹ́ pé mímọ ìwà àwọn ará abúlé rẹ̀ ló fi ń mú apànìyàn. Àmọ́ ìyá yẹn kò lówe lẹ́nu bíi Lápàdé.

Lápàdé ni ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ inú Àjà Ló Lẹrù, ìwé tí Ọládẹ̀jọ Òkédìjí gbé jáde ní 1969. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni Òkédìjí, òkè ọ̀hún lásán. Wọ́n bí i ní 1929, ó sì dágbére fáyé ní 2019. Kó tó dé, ọdẹ ni akọni ìtàn wa. Láti ìgbà tí Fágúnwà ti kọ Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ ní 1938, inú igbó la ti ń lọ bá iwin jà. Òkédìjí dá ọdẹ padà sílé. Ẹran tí Lápàdé ń dọdẹ wọ ṣòkòtò, ó ń wa mọ́tò. Lápàdé ti ṣe ọlọ́pàá rí, ó sì ti kúrò níbẹ̀. Ẹnu rẹ̀ àti làákàyè rẹ̀ ló kù ú kù, pẹ̀lú Tàfá Ìgìrípá tó ń bá a kiri, ẹni tí orúkọ rẹ̀ ti sọ bí ara rẹ̀ ṣe rí.

Ẹ gbọ́ òwe tó wà nídìí àkọlé ìwé yẹn: àjà ló lẹrù, irọ́ ni pẹ́pẹ́ ń pa. Gbogbo ará ilé ló ń kọjá lábẹ́ àjà lójoojúmọ́, wọ́n mọ ohun tó wà lórí rẹ̀. Pẹ́pẹ́ ló ń pariwo. Àjà kì í sọ̀rọ̀. Ibi tí ẹ̀rín ti wúlò nìyẹn. Ìbọn kò lè la ẹnu tí ìtìjú àti ẹbí ti pa dé, ṣùgbọ́n ẹni tó ń rẹ́rìn-ín lè gbàgbé ara rẹ̀ kó sọ òótọ́. Bí Lápàdé bá ń fi ọ̀rọ̀ dárà, tó ń pòwe, iṣẹ́ ló ń ṣe.

Ẹ̀rín yẹn ní ààlà o. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé bí àgbà bá kú, a ń jó, àwọn ìyàwó ilé ń ṣẹ̀fẹ̀. Níbi òkú ọ̀fọ̀, ẹnikẹ́ni kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Òkú ọ̀fọ̀ sì ni gbogbo òkú inú ìtàn ìpànìyàn. Òǹkọ̀wé tó bá fi òkú ṣẹ̀fẹ̀ ti ṣìnà. Alààyè ni kó fi ṣe é: òpùrọ́, ọ̀kánjúwà, ẹni tó ń ṣe bíi pé òun kò rí nǹkan. Ìgbà líle ni Òkédìjí kọ̀wé sí. Ogun abẹ́lé ń jà lọ́wọ́ ní 1969. Àgbàlagbà Akàn, ìwé kejì tí Lápàdé ti jáde, dé ní 1971, ọdún kan náà tí wọ́n yìnbọn pa Ìṣọ̀lá Oyènúsì, ògbólógbòó adigunjalè, ní Bar Beach l'Ékòó níṣojú ọ̀pọ̀ èèyàn. Ẹ̀rù ń ba ará ìlú. Mo gbà pé ẹ̀rín Lápàdé ló jẹ́ kí wọ́n lè wojú ohun tó ń bà wọ́n lẹ́rù.

Òǹkọ̀wé mìíràn, Kọ́lá Akínlàdé, náà gbìyànjú. Akin Olúṣínà, ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ inú ìwé rẹ̀ Owó Ẹ̀jẹ̀, ń fara balẹ̀ kó ẹ̀rí jọ, làákàyè rẹ̀ sì yè kooro. Àmọ́ bí wọ́n bá ní kí n mú ọ̀kan, Lápàdé ni màá mú.

Lónìí, ọmọ wa kan, Oyinkan Braithwaite, da ẹ̀rín àti òkú pọ̀ nínú My Sister, the Serial Killer, ní 2018, òkìkí rẹ̀ sì kàn káyé. Inú mi dùn sí i. Ohun tó ń dùn mí ni pé èdè Gẹ̀ẹ́sì ló fi kọ ọ́, ìyá àgbà tí wọ́n jí ewúrẹ́ rẹ̀ kò lè kà á.

Ẹ̀yin ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ ní Fìdítì, ní Ìlọra, àti níbí, mo bẹ̀ yín, ẹ wá Àjà Ló Lẹrù fún àwọn ọmọ wa kí sáà tó ń bọ̀ tó wọlé. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kà á sókè ní kíláàsì. Èyí tó bá sì wù láti kọ tirẹ̀ nínú wọn, kó fi Yorùbá kọ ọ́, kó sì bẹ̀rẹ̀ láti ojúde ilé bàbá rẹ̀.