Awakọ̀ àti Métì: Ọ̀rọ̀ lórí Ẹ̀jẹ̀ Ríru àti Eré Ìdárayá

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níwájú àwọn ọmọ Yorùbá tí ń ṣòwò ní Kwame Nkrumah Circle, Accra)

Mo dúpẹ́ pé ẹ fi ọjà sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ láti wá gbọ́ ọ̀rọ̀ ara yín. Èmi kì í ṣe oníṣègùn. Oníwèé ìròyìn ni mí, mo sì tún jẹ́ ògbufọ̀. Iṣẹ́ mi ni láti gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu àwọn tí ó mọ̀ ọ́n, kí n sì fi èdè wa sọ ọ́ kí ó lè yé gbogbo ènìyàn.

Níbi orúkọ àrùn náà gan-an ni n ó ti bẹ̀rẹ̀, nítorí pé orúkọ náà ti ṣi ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́nà. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni a ń pè é. Bí a bá ní òkun ń ru, ojú rí i, etí sì gbọ́ ariwo rẹ̀. Nítorí náà ni ọ̀pọ̀ nínú wa ṣe rò pé ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru yóò mọ̀ ọ́n lára, pé orí yóò máa fọ́ ọ, àyà rẹ̀ yóò sì máa já. Tàbí pé onínúfùfù nìkan ni àrùn náà ń mú. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Òkun tí ó ru, gbogbo ayé ní í rí i. Ẹ̀jẹ̀ tí ó ru, ẹni tí ó ń ru nínú rẹ̀ pàápàá kì í sábà mọ̀. Ó ń jẹ, ó ń mu, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń ná ọjà. Díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ní ọdún 2021 pé, láàárín àwọn tí ọjọ́ orí wọn jẹ́ 30 sí 79, ẹni tí ó lé ní bílíọ̀nù kan ni ó ní àrùn yìí, àti pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì wọn tí kò mọ̀ pé àwọn ní in.

Kí ni ìfúnpá ẹ̀jẹ̀? Ọkàn ni ó ń ti ẹ̀jẹ̀ káàkiri ara tọ̀sán tòru. Ó ń lù tó ìgbà 100,000 lójúmọ́ kan. Bí ẹ̀jẹ̀ ti ń kọjá, ó ń ti ògiri iṣan tí ó ń gbà lọ. Agbára tí ó fi ń ti ògiri náà ni ìfúnpá. Kò sí alààyè tí kò ní in. Àpọ̀jù rẹ̀ ni àrùn. Nọ́ńbà méjì ni oníṣègùn ń kà: ti òkè ni ti ìgbà tí ọkàn bá ti ẹ̀jẹ̀ jáde, ti ìsàlẹ̀ ni ti ìgbà tí ọkàn bá sinmi díẹ̀ kí ó tó tún ti òmíràn. Bí ó bá wà ní nǹkan bí 120 lórí 80, ó dára. Bí ti òkè bá tó 140, tàbí tí ti ìsàlẹ̀ bá tó 90, tí a sì rí i bẹ́ẹ̀ ní ọjọ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, àrùn ti wọlé.

Àwa tí a ń gbé Accra mọ ohun tí omi lè ṣe nígbà tí ọ̀nà rẹ̀ bá há. Ní ọjọ́ 3 oṣù kẹfà ọdún 2015, ní Circle yìí kan náà, àgbàrá àti iná pa ènìyàn tí ó lé ní ọgọ́rùn-ún. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni nínú ara: bí iṣan bá le, tí ó sì há, ẹ̀jẹ̀ a máa fi agbára lù ú, títí yóò fi bẹ́ nínú ọpọlọ, tàbí kí ó ba kíndìnrín jẹ́, tàbí kí ó sọ ọkàn di aláìlágbára.

Ẹ jẹ́ kí a wá wo trotro kan bí ó ti ń wọ Circle. Ènìyàn méjì ni ó ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀. Awakọ̀ jókòó láti òwúrọ̀ di alẹ́. Métì rẹ̀ ń bọ́ sílẹ̀, ó ń gòkè, ó ń sáré tẹ̀lé ọkọ̀, ó ń pe èrò: “Circ, Circ, Circ!” Ọkọ̀ kan náà, oòrùn kan náà, èéfín kan náà. Ta ni ọkàn rẹ̀ yóò le jù?

Oníṣègùn kan ní London, Jeremy Morris, bi irú ìbéèrè yìí. Òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ìwádìí lórí nǹkan bí 31,000 ọkùnrin tí ń ṣiṣẹ́ ọkọ̀ èrò ní ìlú náà, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 1953. Awakọ̀ ń jókòó. Agbowó ọkọ̀ ń gun àtẹ̀gùn ọkọ̀ alájà méjì lọ sókè sódò. Àrùn ọkàn mú awakọ̀ ju agbowó lọ, ó sì pa wọ́n jù. Ẹnìkan lè ní bóyá awakọ̀ ti sanra kí ó tó gba iṣẹ́. Morris kò fi èyí pamọ́: ní 1956 ó fi ìwọ̀n aṣọ iṣẹ́ wọn hàn pé ìbàdí awakọ̀ tóbi ju ti agbowó lọ. Ṣùgbọ́n láàárín àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìfìwéránṣẹ́ náà, ẹni tí ń fi ẹsẹ̀ pín lẹ́tà sàn ju akọ̀wé tí ó jókòó lọ. Morris fúnra rẹ̀ kú ní 2009, ó jẹ́ ẹni ọdún 99.

Àwọn mìíràn a ní, “Àrùn ìdílé ni, àrùn aláwọ̀ dúdú ni.” Ìdílé ní ipa tirẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ìwádìí kan tí a tẹ̀ jáde ní 1997 wọn ẹ̀jẹ̀ àwọn tí orísun wọn jẹ́ Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, títí kan àwọn ará Ìbàdàn àti Igbó-Ọrà. Nínú ọgọ́rùn-ún àgbàlagbà, àwọn 16 ni ó ní àrùn yìí ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, 26 ní erékùṣù Karibéánì, 33 ní Amẹ́ríkà. Orísun kan náà ni. Ìgbé ayé ni ó yàtọ̀. Àwa tí a sì ń gbé ìlú ńlá lónìí, ìgbé ayé wo ni tiwa ń jọ?

Ọkàn pẹ̀lú, ẹran ara ni. Bí apá alágbẹ̀dẹ ti ń le nípa iṣẹ́, bẹ́ẹ̀ ni ọkàn ẹni tí ń rìn ń le. Kò ní láti ṣe wàhálà púpọ̀ kí ó tó ti ẹ̀jẹ̀ kiri. Iṣan a dẹ̀, ọ̀rá ara a sì dín. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru, tí ó bá ń ṣe eré ìdárayá déédéé fún oṣù mélòó kan, nọ́ńbà òkè rẹ̀ lè fi 5 sí 8 wálẹ̀. Bí ó bá dẹ́kun, èrè náà a lọ. Ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀, ó kéré tán, ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà máa ṣe: ìyẹn ni ìṣẹ́jú 30 lọ́jọ́ márùn-ún. Kì í ṣe ìrìn ìgbẹ́fẹ́ o. Ìrìn tí ènìyàn ṣì lè sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n tí kò lè kọrin.

Ìyá tí ó jókòó ti àtẹ láti àárọ̀ di alẹ́ yóò ní, “Ó ti rẹ̀ mí tán.” Òótọ́ ni, màmá, ṣùgbọ́n àárẹ̀ kì í ṣe eré ìdárayá. Ẹ dìde ní wákàtí kọ̀ọ̀kan, kí ẹ rìn yí ìsọ̀ yín ká. Ẹni tí ó ń bọ̀ láti Accra New Town, tí àwọn bàbá wa ń pè ní Lagos Town, kí ó bọ́ sílẹ̀ kí ọkọ̀ tó dé Circle, kí ó fi ẹsẹ̀ rin ìyókù. Ẹni tí ó ń lọ sí Adabraka, kí ó má wọ ọkọ̀ rárá. Ẹ̀yin awakọ̀, bí ẹ bá wà lórí ìlà tí ẹ ń dúró de èrò, ẹ bọ́ sílẹ̀, kí ẹ máa rìn. Ẹ sì dín koobi, mọmọni àti mágí kù nínú ọbẹ̀: gbogbo iyọ̀ tí ènìyàn ń jẹ lójúmọ́ kò yẹ kí ó ju ṣíbí kékeré kan lọ.

Ìkìlọ̀ mẹ́ta ni mo fi kún un. Ẹni tí dókítà ti fún ní oògùn kò gbọdọ̀ torí ọ̀rọ̀ mi dá a dúró. Ẹni tí àyà ń dùn, tàbí tí nọ́ńbà rẹ̀ ga púpọ̀, kí ó rí dókítà kí ó tó máa sáré. Bí ẹnu ẹnìkan bá sì ṣàdédé wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tí apá rẹ̀ kan kò gbé mọ́, tàbí tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò já geere, ẹ má ṣe máa wá agbo kiri. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ lójú ẹsẹ̀.

Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Àrùn tí kì í pariwo, ẹ̀rọ ìwọ̀n nìkan ni ó lè tú u fó. Kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí, kí olúkúlùkù wa lọ jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kí ó na apá rẹ̀, kí a wọ̀n ọ́n, kí ó sì kọ nọ́ńbà méjèèjì sílẹ̀. Ọjà ń dúró de ẹni tí ó lọ wọn ẹ̀jẹ̀. Kì í dúró de ẹni tí ó ti wó lulẹ̀.