Ojú L'Alákàn Fi Ń Ṣọ́rí: Ìdí Tí Ẹ̀ka Wa Fi Fẹ́ Rin Kìlómítà 100
Ọ̀rọ̀ tí aṣojú òṣìṣẹ́ sọ níbi ìpàdé oṣooṣù ẹ̀ka wa

 A kò ní pẹ́ lórí ìdúró.

Àwọn ìgbìmọ̀ ní kí á wá ṣàlàyé ìrìn kìlómítà 100 tí ẹ̀ka wa fẹ́ rìn, nítorí a gbọ́ pé àwọn kan ń bèèrè pé kí ló pa ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ àti eré ìdárayá pọ̀. Wọ́n ní ṣé ẹsẹ̀ tí a fi ń rìn relé nígbà tí owó ọkọ̀ bá wọ́n kò tó ni? Ìbéèrè náà dára. Ẹ jẹ́ kí á fi ìtàn dá a lóhùn.

Ẹ rántí arákùnrin wa tó ń wa ọkọ̀ akẹ́rù. A kò ní dárúkọ rẹ̀, a kò sì ní dárúkọ ilé-iṣẹ́ tó bá ṣiṣẹ́. Lọ́jọ́ kan, ó wà lókè ẹrù, ó ń so tapólì. Okùn já, ó ṣubú, ó sì fi ìpàkọ́ lu ilẹ̀ oníkọnkéré. Ó dákú díẹ̀. Nígbà tó jí, ó dìde, ó gbọn eruku ara rẹ̀ nù, ó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀jẹ̀ kankan kò jáde. Fọ́mánù ní kó máa lọ sinmi nílé, wọ́n fún un ní oògùn ẹ̀fọ́rí méjì. Kò sí ẹni tó kọ nǹkan kan sínú ìwé. Àwa tí a wà níbẹ̀ fi ọ̀rọ̀ náà ṣe yẹ̀yẹ́, a ní orí bàbá yìí le ju kọnkéré lọ.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, ó bì lẹ́ẹ̀mẹta. Ìyàwó rẹ̀ rò pé oúnjẹ ni kò bá a lára mu. Ó ní oorun ń kun òun, wọ́n sì fi í sílẹ̀ kó sùn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, wọ́n jí i, kò jí. Kí wọ́n tó gbé e dé ilé ìwòsàn tó lè ṣiṣẹ́ abẹ fún un, oòrùn ti wà ní àtàrí. Àwọn dókítà ní ẹ̀jẹ̀ ni ó ti ń sun díẹ̀díẹ̀ láti àná sí àárín agbárí àti ọpọlọ rẹ̀. Wọ́n ṣí orí rẹ̀, wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ náà. Ọlọ́run dá ẹ̀mí rẹ̀ sí.

Lẹ́yìn oṣù márùn-ún, ó padà sẹ́nu iṣẹ́. Gbogbo wa dúpẹ́. Ojú rẹ̀ dára, ẹsẹ̀ rẹ̀ dára, ọgbẹ́ orí rẹ̀ ti jiná, irun sì ti bò ó. Ṣùgbọ́n ẹni tó lọ kọ́ ni ẹni tó bọ̀. Ó ń gbàgbé ọ̀nà tó ti ń tọ̀ láti ọdún mẹ́wàá. Bí ariwo bá pọ̀, inú á bí i, á sọ̀kò ọ̀rọ̀ sí ẹni tó bá súnmọ́ ọn. Ó ń rẹ̀ ẹ́ kí ọ̀sán tó pọ́n. Àwọn kan ní ọtí ni. Àwọn mìíràn ní ayé ti ṣe é. Láàárín oṣù méjì, ilé-iṣẹ́ fún un ní ìwé ẹ̀sùn mẹ́ta, wọ́n sì pè é sí ìgbẹ́jọ́.

Ẹ̀yin ará, ibi tó ń dùn wá nìyí. A wà níbi ìgbẹ́jọ́ náà gẹ́gẹ́ bí aṣojú rẹ̀. Wọ́n ka ẹ̀sùn: ó ń pẹ́ dé, ó ń gbàgbé iṣẹ́, ó sọ̀rọ̀ àrífín sí ọ̀gá. Àwa wo bàtà wa. A bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n ṣàánú rẹ̀ nítorí àwọn ọmọ rẹ̀, ṣùgbọ́n a kò sọ pé àìsàn ni, nítorí àwa gan-an kò mọ̀ pé àìsàn ni. Wọ́n dá a dúró. Yorùbá ní orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́, ṣùgbọ́n níṣojú wa ni wọ́n ṣe bẹ́ orí iṣẹ́ rẹ̀, a ò sì rí ẹnu sọ̀rọ̀.

Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ mú wa lọ bá nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú rẹ̀ ni ojú wa tó là. Ohun tí a gbọ́ lẹ́nu nọ́ọ̀sì náà, àti èyí tí a kà lẹ́yìn rẹ̀, ni a fẹ́ pín fún yín.

Ọpọlọ ènìyàn kò wúwo ju nǹkan bíi kílò kan ààbọ̀ lọ. Ó rọ̀, inú omi ló sì wà nínú egungun agbárí. Ẹ̀yin awakọ̀, ẹ mọ ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ sí èrò inú ọkọ̀ bí ẹ bá tẹ bíréèkì lójijì: ọkọ̀ dúró, ṣùgbọ́n èrò ò tíì dúró, wọ́n á fi orí sọ ìjókòó iwájú. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọpọlọ ṣe ń fi ara sọ agbárí. Nítorí náà, egungun lè má fọ́, ẹ̀jẹ̀ lè má jáde, kí ọpọlọ sì ti farapa. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń sun nínú, agbárí kò lè fẹ̀ fún un. Ọpọlọ ni yóò máa fún mọ́lẹ̀. Ìdí nìyí tí ẹni tó ṣubú ní aago méjì ọ̀sán fi lè máa rẹ́rìn-ín ní aago mẹ́ta, kí ó sì máa kú lọ ní òru.

Ní ọdún 1974, àwọn dókítà méjì ní ìlú Glasgow, Graham Teasdale àti Bryan Jennett, ṣe òṣùwọ̀n kan tí ilé ìwòsàn káàkiri ayé ń lò títí dòní. Ohun mẹ́ta ni wọ́n ń wò: bí aláìsàn ṣe ń la ojú, bí ó ṣe ń fèsì ọ̀rọ̀, àti bí ó ṣe ń mi ọwọ́ àti ẹsẹ̀. Ẹni tí ara rẹ̀ dá gba 15, ẹni tí kò mọ nǹkan kan mọ́ gba 3. Bí àpapọ̀ náà bá ń lọ sílẹ̀, ewu ń bọ̀. Ẹ̀yin náà lè wo ohun mẹ́ta yẹn ní gáráàjì. Ẹ bi í léèrè orúkọ rẹ̀, ọjọ́ tí òní jẹ́, ibi tó wà. Bí kò bá lè dáhùn dáadáa, iṣẹ́ yẹn kì í ṣe ti oògùn ẹ̀fọ́rí.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ há àwọn àmì wọ̀nyí sórí. Bí ẹnikẹ́ni bá fi orí gbá nǹkan, tó sì dákú bó ti wù kó kéré tó. Tó ń bì léraléra. Tí ẹ̀fọ́rí rẹ̀ ń pọ̀ sí i. Tí oorun tó ṣòro láti jí i nínú rẹ̀ ń gbé e. Tí omi tó mọ́ gaara tàbí ẹ̀jẹ̀ ń jáde ní imú tàbí etí rẹ̀. Tí ọmọlójú kan tóbi ju èkejì lọ. Tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń lọ́. Tí gìrì mú un tàbí tí apá kan ara rẹ̀ kò lágbára mọ́: ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Kódà bí ó bá tó ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì lẹ́yìn ìṣubú, ẹ gbé e lọ.

Ẹ má da omi tútù lé e lórí. Ẹ má fún un ní ògógóró tàbí àgbo. Ẹ má gbé e bí àpò gààrí, kí ọrùn rẹ̀ máa mì síwá sẹ́yìn, nítorí ọrùn lè ti farapa pẹ̀lú orí. Bí ibi tó wà kò bá léwu, ẹ jẹ́ kí ó dùbúlẹ̀, kí ẹnì kan fi ọwọ́ méjèèjì di orí rẹ̀ mú kó má mì, kí ẹlòmíràn pe 112, tàbí 122 ti àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó bí ó bá jẹ́ ìjàm̀bá ọkọ̀. Bí ilé ìwòsàn kan bá ní kí ẹ kọ́kọ́ san owó, ẹ sọ fún wọn pé ẹ mọ òfin ìlera orílẹ̀-èdè yìí ti ọdún 2014. Ìpín 20 rẹ̀ ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kọ ìtọ́jú pàjáwìrì fún aláìsàn nítorí ìdí kankan.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé ọ̀rọ̀ orí kò ní ìtọ́jú nílẹ̀ wa. Láti ọdún 1962 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Látúndé Ọdẹ́kù, ọmọ Yorùbá, ti padà láti Amẹ́ríkà wá sí UCH Ìbàdàn, tó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ abẹ ọpọlọ níbẹ̀. Ó kú ní 1974, ṣùgbọ́n àwọn tó kọ́ níṣẹ́ àti àwọn tí àwọn yẹn náà kọ́ ṣì ń ṣe é.

Ọ̀rọ̀ òfin ló kàn. Láti ọdún 2010, òfin kan wà tí wọ́n ń pè ní Employee's Compensation Act. Agbanisíṣẹ́ ló ń san owó rẹ̀ fún àjọ NSITF, ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo owó oṣù tó ń san. Kò gbọdọ̀ yọ kọ́bọ̀ nínú owó yín fún un. Bí òṣìṣẹ́ bá farapa, kí ó sọ fún agbanisíṣẹ́ láàárín ọjọ́ 14. Agbanisíṣẹ́ gbọ́dọ̀ fi tó àjọ náà létí láàárín ọjọ́ 7. Kí òṣìṣẹ́ sì béèrè owó rẹ̀ kí ọdún kan tó pé. Ìjàm̀bá lójú ọ̀nà tí ẹ máa ń gbà láàárín ilé àti ibi iṣẹ́ náà wà nínú òfin yìí. Oṣù kan péré ló kù kí ọdún pé nígbà tí a kọ ìwé ti arákùnrin wa. A ṣì ń dúró de èsì. Ìbá ti yá bí a bá ti kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ tó ṣubú. Nítorí náà, láti òní lọ, ẹni tó bá fi orí gbá nǹkan ní ẹnu iṣẹ́, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé, kí ẹlẹ́rìí méjì fọwọ́ sí i, kí aṣojú yín sì ní ẹ̀dà kan lọ́wọ́.

Àbò tún dára ju ìwòsàn lọ. Ẹ̀yin tí ẹ ń gun ọ̀kadà wá síbi iṣẹ́, ẹ dé àṣíborí, kí ẹ sì so okùn rẹ̀ lábẹ́ àgbọ̀n. Èyí tí ẹ gbé kọ́ ọwọ́ tàbí tí ẹ kàn gbé lérí nítorí ẹ̀ṣọ́ ojú pópó kò ní dúró lórí lọ́jọ́ ìjàm̀bá. Àpapọ̀ ìwádìí tó jáde ní 2008 fi hàn pé ó ń dín ìfarapa orí kù ní nǹkan bí ìdá 69 nínú ọgọ́rùn-ún, ó sì ń dín ikú kù ní ìdá 42. Ẹ̀yin awakọ̀, ẹ so bẹ́líìtì. Ẹ̀yin tó ń gun òkè ẹrù àti àkàbà, ẹ béèrè ohun àbò lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ kí ẹ tó gùn ún. Bí wọ́n bá kọ̀, ẹ pè wá. Kì í ṣe ojúrere ni ẹ ń tọrọ.

Ó wá ku ìrìn wa. Kìlómítà 4 lójúmọ́, ọjọ́ 25, ó di 100. Nǹkan bíi wákàtí kan ni ní ọjọ́ kọ̀ọ̀kan. Gbogbo ẹni tó bá fẹ́ yóò gba káàdì lọ́wọ́ akápò. Kí ẹ wá onígbọ̀wọ́ láàárín ẹbí, ọ̀rẹ́, ará ọjà. Ẹni tó bá ní òun á san náírà 50 lórí kìlómítà kan, ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà ni yóò san bí ẹ bá parí rẹ̀. Akápò yóò lẹ owó tó wọlé mọ́ ara pátákó ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀, kí gbogbo ojú lè rí i. Ìdajì yóò lọ sí ìtọ́jú arákùnrin wa. Ìdajì tó kù yóò wà nínú àpò ìrànwọ́ fún ẹni tí irú rẹ̀ bá tún ṣẹlẹ̀ sí, pàápàá ẹ̀yin awakọ̀ àti kọ̀ńdọ́ tí ẹ kò ní ìwé ìgbanisíṣẹ́, tó ṣòro fún láti rí owó òfin gbà.

Ìdí tí a fi yan ìrìn nìyí: lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ó gba arákùnrin wa ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kó tó lè rìn láti orí bẹ́ẹ̀dì dé ẹnu ọ̀nà. Ìyẹn kò tó ìṣísẹ̀ ogún. Bí ẹsẹ̀ bá ń dun yín ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, ẹ rántí ìyẹn. Yóò sì ṣe ẹ̀yin náà ní oore, ẹ̀yin tí ẹ ń jókòó sídìí ọkọ̀ láti ìdájí dé alẹ́. Ṣùgbọ́n kí ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru lọ yẹ ara rẹ̀ wò kó tó bẹ̀rẹ̀. Kí a rìn ní òwúrọ̀ tàbí ní ìrọ̀lẹ́, kí a kọjú sí ọkọ̀ tó ń bọ̀, kí a wọ aṣọ tó ń tàn. A kò ní tìtorí ọ̀rọ̀ orí kí ọkọ̀ tún gbá wa lórí.

Bí ẹ bá sì ń rìn, tí ènìyàn bá bi yín pé kí ni ẹ ń wá, ẹ sọ fún un: ẹni tó fi orí gbá ilẹ̀ tó sì dìde lè ṣì wà nínú ewu, ẹni tó yè tí ìwà rẹ̀ yí padà kì í ṣe ọ̀mùtí, wọn kò sì ṣe é, àìsàn ni, ó ń fẹ́ sùúrù àti ìtọ́jú, kì í ṣe ìwé ẹ̀sùn.

Arákùnrin wa ti ní òun yóò bá wa rin kìlómítà tó kẹ́yìn. A ti sọ fún un pé a ó rìn díẹ̀díẹ̀. Ọwọ́ wa wolẹ̀ níjọ́ ìgbẹ́jọ́ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ẹsẹ̀ wa má wolẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Káàdì wà lọ́wọ́ akápò.

 Ìṣọ̀kan òṣìṣẹ́ kò ní bàjẹ́.