Agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá: Nígbà tí ẹ̀rọ bá gba irọ́ gbọ́

  

Ìbéèrè kan ni mo gbé wá lónìí: ẹ̀rọ tó ń darí ara rẹ̀, báwo ló ṣe ń mọ̀ pé nǹkan ti bàjẹ́ lára òun? Ó dà bí ọ̀rọ̀ àwọn ẹnjiníà nìkan, àmọ́ ẹ̀mí èèyàn 346 ló bá a lọ láàárín oṣù márùn-ún. Mo ń bọ̀ wá síbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ilé. Ẹ wo stabilizer tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fíríìjì. Fólítì 230 ló yẹ kí iná máa gbé wá, ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà mọ iná wa. Ó lè jẹ́ 190 láàárọ̀, kó di 250 nígbà tó bá di òru. Stabilizer yìí gbọ́dọ̀ dájọ́: ṣé ìṣe iná wa lásán nìyí, àbí ewu ti dé? Tí wọ́n bá fún ààlà rẹ̀ pọ̀ jù, yóò máa já iná ní gbogbo ìṣẹ́jú márùn-ún, títí inú á fi bí yín, tí ẹ ó yọ ọ́ kúrò, tí ẹ ó ki wáyà fíríìjì bọ ara ògiri tààrà. Tí wọ́n bá sì tú ààlà náà sílẹ̀ jù, ọjọ́ tí iná burúkú bá dé, ṣe ni yóò máa wòran títí fíríìjì á fi jóná.

Gbogbo ẹ̀rọ tó ń darí ara rẹ̀ ló ní wàhálà yìí. Ayé kì í dúró sójú kan. Afẹ́fẹ́ ń fẹ́, ooru ń mú, sẹ́ńsọ̀ gan-an kì í wọn nǹkan kó pé pérépéré. Nítorí náà, ohun tí àwọn ẹnjiníà máa ń ṣe ni pé ẹ̀rọ á kọ́kọ́ ṣírò ohun tó yẹ kó rí, á wo ohun tí sẹ́ńsọ̀ sọ pé òun rí, á wá yọ ọ̀kan kúrò nínú èkejì. Èyí tó ṣẹ́kù ni wọ́n ń ṣọ́. Tó bá kéré, afẹ́fẹ́ lásán ni. Tó bá ti ń pọ̀, tí kò sì lọ, nǹkan ti ṣẹlẹ̀. Ibi tí a máa fa ilà sí láàárín méjèèjì ni iṣẹ́ wà. Tí ìdágìrì bá ń dún lórí asán, èèyàn á pa á. Tí kò bá dún lásìkò, òkú ló máa gbẹ̀yìn rẹ̀.

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká wọ ọkọ̀ òfuurufú wàyí.

Lára imú ọkọ̀ òfuurufú, lẹ́yìn òde, irin pẹlẹbẹ kékeré kan wà tó ń yí bí atẹ́gùn bá ṣe ń fẹ́ kọjá. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti sọ igun tí atẹ́gùn fi ń pàdé apá ọkọ̀. Tí imú bá gbé sókè jù, igun yẹn á pọ̀, apá ò ní lè gbé ọkọ̀ dúró mọ́, ọkọ̀ á sì máa já bọ̀. Boeing 737 MAX ní irin yìí méjì, ọ̀kan lósì, ọ̀kan lọ́tùn-ún. Nítorí pé ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ yìí tóbi ju ti àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ, tí wọ́n sì gbé e síwájú sí i, Boeing fi ètò kọ̀ǹpútà kan sínú rẹ̀ tó ń jẹ́ MCAS. Tí MCAS bá gbọ́ pé imú ti gbé sókè jù, yóò yí ìyẹ́ ìrù ọkọ̀ fúnra rẹ̀, kí imú lè wálẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ eléyìí o: irin méjì ló wà, ọ̀kan ṣoṣo ni MCAS ń tẹ́tí sí.

Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹwàá ọdún 2018, ọkọ̀ Lion Air gbéra ní Jakarta, ní Indonéṣíà. Irin tòsì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ kò tọ́. Ó fi nǹkan bí dígírì 21 yàtọ̀ sí tọ̀tún. MCAS gbà á gbọ́ pé imú ti gbé sókè, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tì í wálẹ̀. Páílọ́ọ̀tì á gbé e sókè, MCAS á tì í wálẹ̀. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ lé ní ìgbà 20. Kò sí àlàyé nípa MCAS nínú ìwé ìtọ́ni tí wọ́n fún àwọn páílọ́ọ̀tì. Ọkọ̀ náà já sínú òkun, èèyàn 189 sì kú.

Èyí tó dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ náà ni pé ọkọ̀ yìí kan náà ti ṣe ohun kan náà lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Páílọ́ọ̀tì kẹta kan tí kì í ṣe òun ló ń wa ọkọ̀ wà níwájú pẹ̀lú wọn, wọ́n pa iná tó ń yí ìyẹ́ ìrù, wọ́n sì gúnlẹ̀ láyọ̀. Àmọ́ nínú àkọsílẹ̀ tí wọ́n fi sílẹ̀ fún àwọn mẹkáníìkì, wọn ò kọ gbogbo ohun tójú wọn rí. Èèyàn rí àbùkù náà, ọ̀rọ̀ ọ̀hún ò sì dé ibi tó yẹ kó dé.

Oṣù márùn-ún ò tíì pé, ní ọjọ́ 10 oṣù kẹta ọdún 2019, ọkọ̀ Ethiopian Airlines kúrò ní Addis Ababa, ó ń lọ sí Nairobi. Ìṣẹ́jú mẹ́fà péré ló lò lókè. Irin tòsì sọ pé dígírì 74.5. Tọ̀tún ń sọ pé nǹkan bí 15. Ẹ̀yin èèyàn mi, kò sí ọkọ̀ èrò tó lè máa fò pẹ̀lú igun dígírì 74 lẹ́yìn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéra. Àwọn páílọ́ọ̀tì pa iná ìyẹ́ ìrù gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe kọ́ wọn, ṣùgbọ́n ọkọ̀ ti ń sáré kọjá ibi tí ọwọ́ èèyàn ti lè yí i padà. Èèyàn 157 ló lọ. Ọ̀kan nínú wọn ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Pius Adésanmí, ọmọ Ìsánlú ní ìpínlẹ̀ Kogí, olùkọ́ ní Yunifásítì Carleton ní Kánádà. Ọ̀pọ̀ nínú yín ló ti ka àwọn àpilẹ̀kọ rẹ̀ lórí fóònù, tí ẹ rẹ́rìn-ín, tí ẹ tún wá ronú.

Àwọn àgbà wa ní agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà. MCAS gbọ́ ẹjọ́ ẹnìkan, ó dá a. Ẹlẹ́rìí kejì wà níbẹ̀, ó ń sọ òótọ́, kò sẹ́ni tó bi í léèrè.

Wọ́n dá ọkọ̀ náà dúró káàkiri ayé. Nígbà tí Amẹ́ríkà fi máa jẹ́ kó padà fò ní oṣù kọkànlá ọdún 2020, wọ́n ti yí ètò náà padà. MCAS ti ń gbọ́ tẹnu irin méjèèjì báyìí. Tí ìyàtọ̀ wọn bá tó dígírì 5.5, á jókòó jẹ́ẹ́, kò ní ṣe nǹkan kan. Ẹ rántí ààlà stabilizer wa. Irin méjì ò lè sọ nọ́ńbà kan náà pérépéré láéláé, ìdí nìyẹn tí wọn ò fi fi ààlà sí òdo.

Ẹnìkan lè ní, ṣebí kí wọ́n kúkú fi mẹ́ta síbẹ̀, kí wọ́n máa dìbò? Ó dáa, irú ẹ̀ wà. Airbus A320 ní mẹ́ta. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 27 oṣù kọkànlá ọdún 2008, A320 kan ń ṣe ìdánwò nítòsí Perpignan ní ilẹ̀ Faransé. Omi tí wọ́n fi fọ ọkọ̀ náà ti wọ inú sẹ́ńsọ̀ méjì nínú mẹ́ta. Nígbà tí wọ́n dókè, omi náà dì, sẹ́ńsọ̀ méjèèjì sì dúró sójú kan, nọ́ńbà kan náà ni wọ́n jọ ń sọ. Irọ́ méjì bára mu, ààbò ọkọ̀ ò sì ṣiṣẹ́ nígbà tí wọ́n nílò rẹ̀. Àwọn méje tó wà nínú rẹ̀ kú.

Nítorí náà, iye ẹlẹ́rìí nìkan ò tó. Tí ẹlẹ́rìí mẹ́ta bá jọ mu nínú àmù kan náà, májèlé kan náà ló máa pa wọ́n. Ìdí nìyí tí àjọ ọkọ̀ òfuurufú ilẹ̀ Yúróòpù fi ní kí Boeing wá ọ̀nà kẹta sí ti MAX, kí kọ̀ǹpútà máa fi àwọn ìwọ̀n mìíràn lára ọkọ̀ ṣírò igun náà, láìwo irin kankan. Ẹlẹ́rìí tó gba ọ̀nà mìíràn wá nìyẹn.

Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń kó ẹ̀rọ tó ń dá ìpinnu ṣe wá fún wa: nínú mọ́tò, ní ọsibítù, nínú fóònù. Tí wọ́n bá ti ní ẹ má mikàn, ó mọ ohun tó ń ṣe, ẹ bi wọ́n ní mẹ́ta yìí. Ẹ̀rí mélòó ló ń gbọ́ kó tó ṣe nǹkan? Ṣé ọ̀nà kan náà ni àwọn ẹ̀rí náà gbà wá? Tí wọn ò bá fẹnu kò, ṣé ó máa ń dúró, kó sì sọ fún èèyàn, àbí ó máa ń bá a lọ?

Ibi tí mo máa dánu dúró sí nìyẹn lónìí. Tí ẹ bá ní ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò tó ń kọ́ ẹnjiníàríìnì, ẹ fi èyí ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp, kó bá wa dá sí i. Ó dìgbà kan ná. Ẹ máa ṣe jẹ́jẹ́ o.