Ojú Kejì Kí Ó Tó Wọ Ìwé: Kọ̀ǹténà Inú Kọ̀ǹpútà àti Iṣẹ́ Àwọn Ọmọ Wa

Ọ̀rọ̀ tí Alága bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ níbi ìpàdé gbogboogbò, Kumasi

   

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lónìí jẹ mọ́ ìwé owó ìrànlọ́wọ́ ẹgbẹ́ wa. Ẹ óò rántí pé àwọn ọ̀dọ́ mú àbá wá pé àwọn fẹ́ kọ ètò kọ̀ǹpútà kan tí yóò máa ṣírò owó tí a ń dá lóṣooṣù, tí yóò sì máa fi ẹni tí ẹ̀tọ́ tọ́ sí hàn nígbà àìsàn tàbí ìsìnkú. Àwọn àgbà kan ní kí á má fi owó opó ṣeré ọmọdé. Àwọn ọ̀dọ́ náà ní àwọn kì í ṣe ọmọdé mọ́. Ìgbìmọ̀ pe àwọn ọmọ náà jókòó, a ní kí wọ́n ṣàlàyé fún wa bí àwọn tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí káàkiri ayé ṣe ń dáàbò bo ara wọn lọ́wọ́ àṣìṣe. Ohun tí a gbọ́ yé wa ju bí a ti rò lọ, nítorí pé ọ̀rọ̀ ọjà ni.

Ètò kọ̀ǹpútà kò ju ìwé àṣẹ lọ. Ẹni tó kọ ọ́ ń sọ fún ẹ̀rọ pé: bí èyí bá ṣẹlẹ̀, ṣe tọ̀hún. Òfin ẹgbẹ́ wa sọ pé ẹni tó bá jẹ gbèsè owó oṣù ju oṣù mẹ́fà lọ ni ẹ̀tọ́ rẹ̀ dúró. Ká ní ọmọ kan kọ oṣù mẹ́ta sínú ètò náà dípò mẹ́fà. Ẹ̀rọ kò ní bá a jiyàn. Ní ọjọ́ tí opó kan bá wá gba owó ìsìnkú ọkọ rẹ̀, tí ọkọ náà jẹ gbèsè oṣù mẹ́rin nítorí àìsàn tó dá a gúnlẹ̀, ẹ̀rọ yóò ní kò lẹ́tọ̀ọ́. Ìyàtọ̀ mẹ́ta sí mẹ́fà ni yóò lé obìnrin náà padà sílé lọ́wọ́ òfo.

Àwọn baba wa ní ẹni tó ń lànà kì í mọ̀ pé ẹ̀yìn òun wọ́. Ìdí rẹ̀ nìyí tí àwọn oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà fi gbé àyẹ̀wò kóòdù kalẹ̀: ohun tí ẹnì kan bá kọ, ẹlòmíràn ni yóò kà á kí ó tó wọ inú ìwé àgbà. Ohun èlò kan tí wọ́n ń lò fún un ni Gerrit. Ilé iṣẹ́ Google ló ṣe é ní 2008 fún iṣẹ́ Android, ètò tó wà nínú ọ̀pọ̀ fóònù tí a gbé lọ́wọ́ yìí. Orúkọ Gerrit Rietveld, ọmọ Netherlands tó ń kan àga tó sì ń ya àwòrán ilé, ni wọ́n fi sọ ọ́. Láti 2012 ni àjọ Wikimedia náà ti bẹ̀rẹ̀ sí lò ó fún ètò tó gbé Wikipedia ró, títí kan Wikipedia ti èdè Yorùbá.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí. Bí ọmọ bá parí iṣẹ́, kò ní tì í tààrà sínú ìwé àgbà. Ó ń tì í sí ẹnu ọ̀nà kan tó ń jẹ́ refs/for, níbẹ̀ ni iṣẹ́ náà yóò sì dúró dè àyẹ̀wò. Ẹni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò ń rí ìlà àtijọ́ àti ìlà tuntun lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ó sì lè kọ ọ̀rọ̀ sábẹ́ ìlà tí kò bá yé e. Lẹ́yìn náà ni yóò fún un ní máàkì. +1 túmọ̀ sí pé ó dára lójú tèmi, ṣùgbọ́n kí ẹlòmíràn fọwọ́ sí i. +2 túmọ̀ sí pé ó lè wọlé. -1 ní kí wọ́n tún un ṣe. -2 ti ìlẹ̀kùn pa: níwọ̀n ìgbà tó bá wà níbẹ̀, iṣẹ́ náà kò lè wọlé. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá sọ ni yóò wà ní àkọsílẹ̀ pẹ̀lú orúkọ ẹni tó sọ ọ́.

Ẹ̀yin àgbà, ibi tí ọ̀rọ̀ kàn wá nìyí. Akápò wa kò mọ kóòdù kọ, ṣùgbọ́n bó bá rí 3 níbi tí ó yẹ kí 6 wà, kò sí ẹni tí yóò kọ́ ọ pé ó ṣì. Ọmọ mọ ẹ̀rọ, àgbà mọ òfin. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀.

Ìbéèrè kejì tí a bi wọ́n ni pé, níbo ni wọn yóò ti kọ́ ọ, tí ọwọ́ wọn kò ní kan ìwé owó gan-an? Wọ́n ní inú kọ̀ǹténà.

Ta ni kò mọ kọ̀ǹténà nínú wa? A ń dúró dè é ní Tema, a sì ń fi ògbólógbòó rẹ̀ ṣe ṣọ́ọ̀bù. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹrin ọdún 1956, Malcom McLean, ọlọ́kọ̀ ẹrù ará Amẹ́ríkà, kó àpótí 58 sínú ọkọ̀ ojú omi Ideal-X láti Newark lọ sí Houston. Ẹrù tó wà nínú àpótí lè jẹ́ aṣọ tàbí ẹ̀rọ, ọkọ̀ kò bìkítà, nítorí ìwọ̀n àpótí kò yí padà. Ní oṣù kẹta ọdún 2013, Solomon Hykes àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé Docker jáde, èyí tó sọ irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀ di ohun tí gbogbo ènìyàn lè lò nínú kọ̀ǹpútà. Gerrit nílò Java, ó nílò oríṣiríṣi nǹkan mìíràn. Dípò kí ọmọ máa wá wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ti di gbogbo rẹ̀ sínú àpótí kan. Ohun tó bá bàjẹ́ nínú àpótí, inú rẹ̀ ló ń bàjẹ́ sí. Bó bá dojú rú pátápátá, a ó kó o dànù, a ó ṣí òmíràn.

Kọ̀ǹpútà tí RAM rẹ̀ jẹ́ 8 GB tó fún un. Lórí Linux, ọ̀fẹ́ ni Docker Engine. Lórí Windows, wọ́n ń lo Docker Desktop pẹ̀lú WSL 2, ẹni tó ń lò ó fún ara rẹ̀ tàbí fún ẹ̀kọ́ kò sì ní san owó. Ẹ̀yin ọmọ wa, ẹ da àwọn àṣẹ wọ̀nyí kọ:

docker pull gerritcodereview/gerrit

docker run -d --name idanwo -p 8080:8080 -p 29418:29418 gerritcodereview/gerrit

Àṣẹ kìíní ń gbé àpótí wá láti orí íntánẹ́ẹ̀tì. Èkejì ń ṣí i. 8080 ni ilẹ̀kùn tí a ń gbà wò ó: ẹ tẹ localhost:8080 síbi tí ẹ ti ń ṣí íntánẹ́ẹ̀tì, ó ń gba ìṣẹ́jú díẹ̀ kí ó tó dáhùn. 29418 ni ilẹ̀kùn tí Git lè gbà kó iṣẹ́ wọlé.

A ní ìkìlọ̀ mẹ́ta. Èkíní, bí wọ́n ṣe dì í yìí, ẹnikẹ́ni tó bá dé ibẹ̀ lè wọlé ní orúkọ ẹni tó bá wù ú, nítorí pé ti ìdánwò ni. A kò gbọ́dọ̀ gbé e síta fún ayé. Èkejì, orúkọ àròsọ àti owó àròsọ nìkan ni kí ẹ máa fi kọ́ṣẹ́. Ẹ má ṣe kó orúkọ ọmọ ẹgbẹ́ kankan sínú rẹ̀. Ẹ̀kẹta, ẹni tó bá kó kọ̀ǹténà dànù lè kó iṣẹ́ inú rẹ̀ dànù pẹ̀lú. Nítorí náà, ẹ ya àpò ìta tí wọ́n ń pè ní volume sọ́tọ̀ fún fódà git, index, cache, db àti etc tó wà lábẹ́ /var/gerrit. Oníṣòwò tó gbọ́n kì í kó gbogbo ọjà sùn sí ṣọ́ọ̀bù.

Ẹnìkan béèrè owó dátà. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni a ó gbé e wá. Lẹ́yìn náà:

docker save -o gerrit.tar gerritcodereview/gerrit

Fáìlì kan ni yóò dà. A ó kó o sínú fíláàṣì lọ sí Tamale, wọn yóò sì fi docker load -i gerrit.tar tú u níbẹ̀ láìná dátà rárá. Bí iná bá lọ tí íntánẹ́ẹ̀tì sì kú, níwọ̀n ìgbà tí bátìrì bá ṣì wà, iṣẹ́ ń lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ti dàgbà yóò mọ ìdí tí èyí fi wọ̀ wá lọ́kàn. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Busia pàṣẹ pé kí àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú gbà á láàárín ọ̀sẹ̀ méjì tàbí kí ó kúrò ní Ghana. Àwọn òbí wa kó ohun tí wọ́n lè dì padà sí Ògbómọ̀ṣọ́, Òffà, Ṣakí. Ohun tí kò ṣeé dì ni wọ́n fi sílẹ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ tí ọmọ bá mọ̀, tó sì ṣeé dì sínú fíláàṣì, kò sí ibodè tí yóò gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Àbá ìgbìmọ̀ wa rèé. Kí ẹgbẹ́ ra kọ̀ǹpútà àlòkù kan sí ilé ìpàdé. Kí àwọn ọ̀dọ́ máa kọ́ iṣẹ́ lórí rẹ̀ ní ọjọ́ Àìkú, ọkùnrin àti obìnrin. Kí akápò àti akọ̀wé wà lára àwọn tí yóò máa fún iṣẹ́ wọn ní máàkì, kí ohunkóhun má sì wọlé láìjẹ́ pé àgbà kan àti ọ̀dọ́ kan tí kì í ṣe ẹni tó kọ ọ́ ti yẹ̀ ẹ́ wò. Fún ọdún kan gbáko, ìwé tí a ń fi ọwọ́ kọ ni yóò máa jẹ́ ìwé owó wa. Bí ìṣirò ètò náà bá bá a mu lóṣù méjìlá, kí a tún jókòó sọ ọ́.

Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ bá jókòó síwájú kọ̀ǹpútà, ẹ bi í pé kí ló ń ṣe, ta ló sì bá a yẹ̀ ẹ́ wò. Bó bá lè dáhùn èkejì, iṣẹ́ ló ń ṣe.  Ẹgbẹ́ wa kò ní tú o.