Ẹ Fi Èéṣẹ́ Ìmọ̀ Sílẹ̀ fún Ẹlòmíràn

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo bá wá: ìmọ̀ tí Ọlọ́run fún yín nípa ọjà títà lórí fóònù, kì í ṣe ti ẹ̀yin nìkan.

Ẹ ó rántí ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, nígbà tí Báńkì Àpapọ̀ pààrọ̀ owó náírà 200, 500 àti 1,000, tí owó bébà sì di ohun àwátì káàkiri Nàìjíríà. Ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń gba owó sínú àkáǹtì lórí fóònù ń tajà. Ẹni tí kò mọ̀ jókòó ti tòmátì rẹ̀ títí ó fi rà. Ọjà kan náà, oòrùn kan náà, ìmọ̀ ló yà wọ́n sọ́tọ̀.

Ní Léfítíkù orí 19, Ọlọ́run pàṣẹ fún olóko pé kò gbọdọ̀ kórè dé igun oko rẹ̀, kò sì gbọdọ̀ ṣa èéṣẹ́, nítorí tálákà àti àlejò. Ẹ kíyè sí i, ará: kì í ṣe ìtọrẹ tó wu olóko nìkan, òfin ni. Ohun tí Rúùtù jẹ ní Bẹ́tílẹ́hẹ́mù nìyẹn. Fóònù ni oko àwọn kan nínú wa lónìí. Èéṣẹ́ oko náà ni ìmọ̀. Àwọn baba wa náà mọ èyí. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ṣe àáró: lónìí oko tèmi, lọ́la oko tìrẹ.

Ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi kan mí gbọ̀ngbọ̀n ni pé ibi tí olóòótọ́ bá fi sílẹ̀, onírọ́ ni yóò gbà á. Ní December 2016, MMM há owó àwọn ènìyàn mọ́lẹ̀. Ní April 2025, CBEX tún dojú dé, ẹkún sì sọ nínú ọ̀pọ̀ ilé. Kì í ṣe gbogbo wọn ni ojúkòkòrò mú. Àwọn mìíràn gbọ́ pé owó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọn kò kàn rí ẹni tí yóò fi ọ̀nà òtítọ́ hàn wọ́n. Àwọn ọmọ wa tó ya sídìí yahoo ńkọ́? Àwọn rí olùkọ́. Bí olè kò bá fi ìmọ̀ rẹ̀ pamọ́ fún ọmọ ẹ̀kọ́ rẹ̀, kí ló dé tí onígbàgbọ́ fi ń pa tirẹ̀ mọ́?

Ẹnìkan lè wí pé, "Pásítọ̀, bí mo bá kọ́ ọ, ṣé kò ní gba oníbàárà mi?" Ẹ ka Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 18. Iṣẹ́ kan náà ni Àkúílà, Pírísílà àti Pọ́ọ̀lù ń ṣe ní Kọ́ríńtì, iṣẹ́ àgọ́, síbẹ̀ wọ́n gbà á sílé, wọ́n jọ ṣiṣẹ́. Ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò láì fara kanra. Ẹni tó ń ta ànàmọ́ Ọ̀fà àti ẹni tó ń ta aṣọ òkè lè rí oníbàárà ní Èkó, ní Àbújá, àní ní Lọ́ńdọ̀nù pàápàá.

Kí ni ẹ ó kọ́ wọn? Ẹ kọ́ wọn kí wọ́n ya àwòrán ọjà ní ojúmọmọ, kí wọ́n kọ iye rẹ̀ àti bó ṣe tóbi tó sí i. Ẹ sọ fún wọn pé ọ̀fẹ́ ni WhatsApp Business, kí ẹnikẹ́ni má gba owó lọ́wọ́ wọn láti ṣí i. Ẹ kọ́ wọn pé álẹ́ẹ̀tì nìkan kò tó, nítorí àwọn oníjìbìtì ń fi ayédèrú ránṣẹ́: kí wọ́n wo àkáǹtì fúnra wọn kí ọjà tó kúrò nílẹ̀. Kí wọ́n má sọ píìnì wọn fún ẹnikẹ́ni, bí onítọ̀hún tilẹ̀ ní báńkì ni òun ti ń pè. Kí wọ́n sì máa kọ owó tó wọlé àti èyí tó jáde sínú ìwé, títí kan owó dátà.

Ẹ̀yin olùkọ́ náà, ẹ ṣọ́ra. Ẹ má bèèrè píìnì ìyá yẹn, ẹ má fi àkáǹtì tiyín rọ́pò tirẹ̀. Ẹ má já fóònù gbà lọ́wọ́ wọn nítorí pé wọn ò yára. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi ìka ara wọn tẹ̀ ẹ́, kí ẹ sì fi ọ̀wọ̀ bá wọn sọ̀rọ̀. Ẹ dúró tì wọ́n títí ọjà àkọ́kọ́ yóò fi dé ọwọ́ ẹni tó rà á.

Lóòótọ́, ìjọba dá ètò 3MTT sílẹ̀ ní 2023 láti kọ́ àwọn ènìyàn ní iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, ẹ jẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́ wa wá a lọ. Ṣùgbọ́n ìyá tó ń ta ẹ̀wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé yín, ẹ̀yin ni ètò tirẹ̀. Kí oṣù yìí tó parí, kí olúkúlùkù tó mọ̀ ọ́n mú ẹnìkan ṣoṣo. Lẹ́yìn ìsìn, ẹ jókòó tì í fún wákàtí kan.

Olúwa yóò bù kún iṣẹ́ ọwọ́ yín, yóò sì bù kún iṣẹ́ ọwọ́ ẹni tí ẹ kọ́. Àmín.